Ayé Wo Lẹ Ń Sọ? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Níwájú Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Ábújá

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alága, ẹ kú ìjókòó. Àfáà wa, pásítọ̀ wa, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà nídìí ìkòkò lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, òórùn ọ̀fadà yẹn ti bá mi láti ibi tí mo ti ń páàkì mọ́tò, mo ṣèlérí pé mi ò ní jẹ́ kó tutù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi fóònù ká mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé ọ̀rọ̀ mi ní àgékù kẹ́ ẹ wá gbé e sórí WhatsApp o. Àwọn tó ti Kubwa wá, àwọn Nyanya, àwọn Gwagwalada, ẹ kú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Ẹ̀yin ará wa láti Kogí, òkun o! (Wọ́n dáhùn: Òkun o!) Ẹ ṣé é.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ayé. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, mo ní ṣé ayé náà ni, ta ni ò mọ ayé, ó ní bàbá ẹ ṣáà máa bọ̀. Ó dáa, mo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré kan.

Ṣé ayé lójú ni?

Ọmọ yìí ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní Lugbe, Ábújá níbí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, Haúsá tó gbọ́ ju Yorùbá lọ nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà ẹ̀ wá kí wọn láti Ìkirè. Lọ́jọ́ kan ọmọ sáré jáde sí títì pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya nídìí, ìyá àgbà fi igbe ta, "Wọlé kíá, ayé ń wò ẹ́ o!" Ọmọ dúró. Ó wolẹ̀, ó wòkè, ó ní "Màmá, ṣé ayé lójú ni?" Torí tíṣà ti kọ́ wọn ní sùkúù pé ayé rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, pé ó ń yí oòrùn po. Èyí tó rí roboto yẹn ò lójú tó fi ń wo ìdí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè gidi lọmọ yẹn bi. Ṣé ayé lójú?

Ó lójú! Nínú èdè tiwa, ayé lójú, ó lẹ́nu, ó lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe dáadáa torí pé wọ́n ń wò ó, a ní ojú ayé ló ń ṣe. Ìyàwó tó ń bá ìyá ọkọ ṣeré níwájú àlejò, tí àlejò bá lọ tán tí kò dá a lóhùn mọ́, ojú ayé ni gbogbo ẹ̀ (ẹ má wo ara yín bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni). Àwọn àgbà ní ẹnu ayé lẹbọ. Tí ọmọ bá ń lọ sírìn àjò, a máa ń ṣàdúrà kí ọwọ́ ayé má tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi wò ó, ojú, ẹnu, ọwọ́. Kí ló ní nǹkan wọ̀nyí? Ṣé ilẹ̀ ni? Ṣé òkè Asó Rọ́ọ̀kì ló lẹ́nu ni? Èèyàn ni!

Ohun tí mo wá sọ níbí lónìí nìyẹn, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ayé Yorùbá, èèyàn ni. Tí Yorùbá bá sọ pé ayé, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ló ń sọ, àwọn èèyàn tó wà lórí ilẹ̀ ló ń sọ, àti ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀.

Ẹ wo odídẹrẹ́. Wọ́n ní ohun tó bá rí ló máa sọ, ohun tó bá gbọ́ náà ló máa tún sọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí. Kí làwọn baba wa wá sọ ọ́ ní orúkọ? Ayékòótọ́. Ayé kọ òtítọ́. Ta ló kọ òtítọ́ o? Ṣé igi ni? Ṣé odò ni? Àwa náà ni. Ayé ò ṣe é finú hàn, àwa ni. Ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀, àwa ni a gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, bàbá, ayé lọjà, ọ̀run nilé ńkọ́, ṣebí ibì kan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò jiyàn. Nígbà tí ayé bá dúró ní ìdojúkọ ọ̀run, ibì kan ni, ibi tí a wá, ibi tí a máa kúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ó wá sáyé, ó jáde láyé, ó dágbére fáyé, tàbí pé bí mo bá tún ayé wá, ìwọ náà ni màá fẹ́. (Ọkọ tí kò bá tíì sọ ìyẹn fún ìyàwó ẹ̀ rí, kó lọ sọ ọ́ lálẹ́ òní.) Àmọ́ ẹ tún padà wo òwe yẹn. Ọjà ni wọ́n pe ayé. Kí ló ń sọ ibì kan di ọjà? Ẹ dé Wuse láàárọ̀ Sunday kí àwọn onísọ̀ tó ṣí, ṣọ́ọ̀bù wà, òrùlé wà, ẹ máa rí i pé kò tíì sí ọjà níbẹ̀.

Ohun tí Bíbélì Yorùbá ṣe

Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe olórí ẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn míì tó bá a ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ka Jòhánù orí 3 ẹsẹ 16, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sórí láti síńdè sùkúù. "Nítorí Ọlọ́run fẹ́ aráyé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́." Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Aráyé! Wọn ò kọ ayé. Ó dáa. Ẹ wá ṣí Jòhánù Kìíní, orí 2 ẹsẹ 15. "Ẹ má ṣe fẹ́ràn ayé." Ibẹ̀ yẹn, ayé ni wọ́n kọ, wọn ò kọ aráyé.

Àwọn tó mọ èdè Gíríìkì máa sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì, kosmos. Àwọn òyìnbó náà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ ẹ̀ níbi méjèèjì. Ọmọ tó ń ka Bíbélì òyìnbó lè wá bi yín pé dádì, Ọlọ́run fẹ́ràn kiní yìí débi tó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló tún ń sọ pé ká má fẹ́ràn ẹ̀, èwo ni ká ṣe báyìí? Ọmọ tó ń ka ti Yorùbá ò ní bèèrè bẹ́ẹ̀, torí àwọn baba yẹn ti là á sí méjì fún un. Àwọn èèyàn ni Ọlọ́run fẹ́, ìyẹn aráyé. Ìwà àti fàájì àti ìgbéraga tó wà láàárín wọn la ò gbọ́dọ̀ fẹ́, ìyẹn ayé. Tèmi o, mo rò pé iṣẹ́ ọpọlọ ńlá nìyẹn, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n yìn wọ́n tó fún un.

Ẹ̀yin mùsùlùmí náà, mi ò gbàgbé yín. Àdúrà tó wà nínú Súrà Bákárà, áyà 201, ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́, ká rí dáadáa ní dúníyà, ká rí dáadáa ní àlùkìyáámọ̀. Àwọn àfáà wa kàn sọ ọ́ di ayé àti ọ̀run, ó bọ́ sójú ẹ̀ láìfi agbára kankan, torí pé ilé ti wà fún un tẹ́lẹ̀.

Láti ààfin dé gáréèjì

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, ká wọ ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀. Kí ló dé táwọn àgbà fi ń sọ ohùn wọn kalẹ̀ tí wọ́n bá ní "àwọn ayé"? Ẹni tó ń ṣàìsàn tí dókítà ò rídìí ẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lemọ́lemọ́, ayé ni. Wọn ò fẹ́ pe àjẹ́ ní àjẹ́. Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà wá, orúkọ àpọ́nlé là ń fún wọn, ẹ ò rí Ṣọ̀pọ̀ná, ta ló jẹ́ dárúkọ ẹ̀ gbáà nígbà tí ìgbóná ń jà? Ọbalúayé ni wọ́n ń pè é, ọba tó ni ayé. Ìgbóná yẹn ò sí mọ́ o, ní 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé, àmọ́ orúkọ ọlá yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ò wá láti sọ bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí, pásítọ̀ àti àfáà wà níbí, kí wọ́n jọ yanjú ìyẹn. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí Yorùbá bá ń wá orúkọ tó máa fi bo ẹni tó ń ṣeni níbi mọ́lẹ̀, kò mú orúkọ ẹranko, kò mú orúkọ iwin, ayé ló mú. Torí ó mọ ibi tí ibi ti ń wá, ọ̀dọ̀ èèyàn ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún gun orí ìtẹ́. Ọba wa, kí là ń kí wọn? Aláyélúwà! Ẹni tó ni ayé, olúwa wa. Kì í ṣe pé ọba ló ni Jámánì àti Ṣáínà o, àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀ layé tó ní. Ẹ wá lọ sí gáréèjì ní Jabi, ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ tó ń jà fún páṣẹ́ńjà ṣe ń kí ara wọn, "Aláyé! Báwo ni?" (Ẹ̀rín.) Kí ló gbé e láti ààfin dé gáréèjì? Ẹni tó ní èèyàn lẹ́yìn ni aláyé, yálà ìjòyè ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tàbí àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Duniya

Gbogbo wa tí a ti pẹ́ ní Àríwá níbí, a mọ duniya. Láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wọ inú Haúsá, àwọn ará ibí sì ń lò ó dáadáa. Nǹkan bàjẹ́, wọ́n á ní duniya ke nan, bíi ká sọ pé ayé nìyẹn. Àwọn oníjẹkújẹ, àwọn tó ya ìyàkuyà, wọ́n á ní 'yan duniya, ó fara jọ ọmọ ayé tiwa. Duniya da lahira, ayé àti ọ̀run. Ẹ rí i pé ó ń bá tiwa lọ wẹ́kú? Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Haúsá dáadáa máa ń rò pé ó ti tán, pé tí wọ́n bá ti mọ duniya, wọ́n ti mọ ayé.

Ẹ dúró ná. Tí Haúsá bá fẹ́ sọ pé ìgbà Sardauna, kí ló máa sọ? Ṣé ó máa sọ pé duniyar Sardauna? Kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀! Zamanin Sardauna ló máa sọ. Ọ̀tọ̀ ni zamani, ọ̀tọ̀ ni duniya. Àwa ńkọ́? Láyé Sardauna. Láyé Awólọ́wọ̀. Láyé Ṣàgàrí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún wa. Ibi tí ọmọ Lugbe yẹn á tún ti dúró nìyẹn, á ní bàbá, ṣé Ṣàgàrí ní ayé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni?

Ó ní in o. Yorùbá gbà pé ẹni tó wà lórí oyè, ayé ẹ̀ là ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Ábújá, báwo lẹ ṣe ń ka ọdún yín? Mo máa ń gbọ́ yín. Ẹ kì í sọ pé ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni òfin tó dá Ábújá sílẹ̀ jáde, ẹ máa ń sọ pé láyé Mùrítàlá ni. Ẹ kì í sọ pé ọjọ́ 12 oṣù Dìsẹ́ńbà 1991 ni ìjọba kó kúrò l'Ékòó, láyé Bàbáńgídá ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ìgbà tí wọ́n ń wó ilé tí kò bá àwòrán ìlú mu, láàárín 2003 sí 2007, á ní láyé El-Rufai, mínísítà Ábújá nígbà náà, kíá gbogbo èèyàn tó wà níjókòó ti mọ ìgbà tó ń sọ, àwọn míì á sì ti mí kanlẹ̀.

Àṣà àtijọ́ ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà lójú ọpọ́n, wọ́n fi àpólà méjì sọ gbogbo ìtàn tí ìwé ńlá lè sọ. Wọ́n ní láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Awólẹ̀ la di àdìkálẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ? Aláàfin Abíọ́dún kú ní nǹkan bíi 1789, owó ẹyọ pọ̀ débi pé wọn ò kà á mọ́, igbá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Awólẹ̀ ló jẹ lẹ́yìn ẹ̀, kò lò tó ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn sì ti di ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n ń retí ìgbà tí wọ́n máa sá. Ilẹ̀ kan náà ni o! Òjò kan náà ló ń rọ̀, iṣu kan náà ni wọ́n ń gbìn. Ilẹ̀ ò yí padà, ayé ló yí padà. Ọba kan lọ, ọba kan dé, ayé míì dé.

Kí ayé ṣáà tòrò

Ibí yìí ló wù mí láti dúró sí jù, alága, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn Awólẹ̀, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà kó àwọn tó kù lọ sí Àgọ́ Ọjà, ibẹ̀ la wá ń pè ní Ọ̀yọ́ títí di òní. Ogun Ìjàyè dé, ní 1862 wọ́n sun ìlú yẹn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká tán títí di 1893. Ẹ ronú ẹ̀, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ti tó ẹni tó ń gbé ìbọn kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ìlú fọ́, wọ́n tún un kọ́, àwọn èèyàn láti ibi méje bá ara wọn lábẹ́ igi kan, wọ́n ní ká kúkú dúró síbí. Tí wọ́n bá wá fẹ́ sọ ibẹ̀ lórúkọ, kí ni wọ́n máa sọ ọ́?

Ẹ máa bá mi kà á. Ayétòrò. Ayédé. Ayédùn. Ayégbajú. Ayégúnlẹ̀. Ayépé. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ Ayédáadé, òmíràn ń jẹ́ Ayédìre. Láti Ògùn dé Oǹdó dé Èkìtì dé Kwara dé Kogí, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó pàdé ìlú kan tó fi ayé bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ pátákó ojú ọ̀nà ṣì ń kọ ọ́ ní Aiyetoro, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn kí àkọtọ́ 1974 tó yọ "i" yẹn kúrò.

Àwọn orúkọ yẹn, àdúrà ni. Ẹ mọ tòrò? Omi tí wọ́n da ẹrẹ̀ rú, tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹrẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, omi á mọ́ lókè, a ní ó ti tòrò. Ìyẹn làwọn tó ti ojú ogun bọ̀ ń tọrọ, wọn ò tọrọ owó. Ayégúnlẹ̀, bíi ọkọ̀ ojú omi tó ti ń fì láàárín agbami tó wá gúnlẹ̀ sí èbúté. Ayédé Èkìtì, Àtá Èṣùbíyí ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jagunjagun lòun fúnra ẹ̀, ó kó àwọn èèyàn tí ogun ti tú ká jọ yí ara ẹ̀ ká. Ayé dé! Èèyàn dé!

Ẹ̀yin ará Òkun, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú, Owé, Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù níbí torí ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Ábújá jù, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin Nupé láti Bídà ni wọ́n ń da àwọn baba yín láàmú, wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ abúlé gun orí òkè, níbi tí ẹṣin ò lè gùn dé. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun kọ́ńpìnnì Royal Niger lu Bídà bolẹ̀, kíkó ẹrú yẹn dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, ẹ ní Ayétòrò níbẹ̀, ẹ tún ní Ayégúnlẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà yẹn, tí mo gbójú sókè wo àwọn òkè ńláńlá yẹn, tí mo sì tún wo orúkọ tó wà lára pátákó, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìtàn fún mi.

Ayétòrò kan tún wà ní etíkun Ìlàjẹ, l'Óǹdó. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan ni, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń náwó, àpò kan ni gbogbo ìlú ní. Ayé tòrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn ti ibi jíjìn wá ń wò wọ́n. Lónìí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹ ò rí i, níbẹ̀ ilẹ̀ ló ń tán nídìí ayé, àwọn èèyàn ṣì ń pe ara wọn ní ará Ayétòrò.

Àwọn orúkọ èèyàn náà wà, Ayélabọ́lá, Ayédogbọ́n, tí mo bá wọ ibẹ̀ a ò ní jẹ ọ̀fadà yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ n fò ó.

Èyí tó rí roboto

Mi ò fẹ́ kí tíṣà ọmọ Lugbe yẹn rò pé mo ń bá òun jà. Ayé tó rí roboto náà wà. Tí èèyàn bá fẹ́ yí i po láti ibi tó sanra jù, kìlómítà 40,075 ló máa rìn. Ó ń yí bí a ṣe jókòó yìí, ẹni tó bá wà ní ìlà àárín ẹ̀, eré tó ju kìlómítà 1,600 ní wákàtí kan ló ń bá a sá láìmọ̀. Àwọn baba wa náà ń sọ pé ayé ń yí, àmọ́ ti wọn ò kan oòrùn, ẹni tó wà lókè lónìí tó lè wà nísàlẹ̀ lọ́la ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí àwa náà wá nílò ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé pátá, rédíò àti ìwé ìròyìn ti bá wa sọ ọ́ di gbajúmọ̀: àgbáyé, àgbáńlá ayé, káríayé. Ogun àgbáyé. Ife àgbáyé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2022, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní iye èèyàn tó wà láyé ti pé bílíọ̀nù 8. Ìyẹn náà, èèyàn ni wọ́n kà.

Àyè àti ayé lórí fóònù

Ó kù kékeré. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé "mi o raye". Èwo nínú ẹ̀ lẹ ń sọ? Nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni pé mi ò ráyè, mi ò rí àyè, ọwọ́ mi dí. Àyè nìyẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí, àlàfo tí nǹkan lè wọ̀ ni, bíi àyè ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì. Kò bá ayé tan. Ìyè tún wà lọ́tọ̀, èyí tí Bíbélì fi ń sọ igi ìyè. Ẹnì kan wà tó kọ ọ́ sí ìyá ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ pé "Mama e ma binu, mi o raye lodun yii", ó kàn fẹ́ sọ pé òun ò ní lè wá sílé ọdún. Ìyá gbé fóònù fún ọmọ aládùúgbò pé kó bá òun kà á, ọmọ yẹn ò wo àmì kankan, ó kà á bó ṣe rí lẹ́nu ẹ̀: "Mi ò ráyé lọ́dún yìí." Ìyá ní kí ló dé, kí ló ṣe ọmọ mi tí kò fi ráyé? Ó bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n bá òun pè é kíá. (Ẹ̀rín.) Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre, ìyá yẹn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà títí wọ́n fi rí ọmọ bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi àmì sí i. Bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé tó ní àmì ohùn Yorùbá wà lórí fóònù báyìí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ bi àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n á gbé e wọlé fún yín kí n tó jókòó.

Alága ti ń wo aago. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó fi máíkì sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti ìlú tó fi ayé bẹ̀rẹ̀ orúkọ, tí àgbà ìlú yín kan bá ṣì wà tó mọ ẹni tó sọ ìlú náà lórúkọ àti ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù kẹ́ ẹ tó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará Gbẹ̀dẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ sọ tiyín, torí ìlú yín méjèèjì ló fi ayé bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Akọ̀wé ti sọ pé òun á bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tó lámì. Àwọn tó ní ìbéèrè, ẹ nawọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká gba mẹ́ta kí oúnjẹ tó dé, bàbá tó dé fìlà aláwọ̀ ewé níwájú yìí ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.